Olóòtú, èènì ti di ti oníbàárà báyìí o

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, kíkà ni tèmi, kódà nígbà tí mo ṣì ń ta oúnjẹ, tí mo bá ti ka tiyín tán òun náà ni mo fi ń di àkàrà fún oníbàárà, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n gbádùn, èyí tó ní ẹnikẹ́ni tó bá lọ jẹun ní rẹsitọ́ráǹtì tí kò fún àwọn ọmọ tó gbé oúnjẹ wá ní tíìpù, ahun ni, wọn ì báà ṣe dáadáa, wọn ì báà má ṣe dáadáa. Ahun kẹ̀? Èmi tí mo ta àmàlà fún ọdún mọ́kàndínlógún n'Ìbàdàn yìí, tí mo máa ń bu ọbẹ̀ sí abọ́ oníbàárà títí tí òun fúnra ẹ̀ á fi ní Ìyá ó ti tó, èmi náà ti wá dahun nìyẹn torí pé mi ò fẹ́ fún ẹni tó fajú ro sí mi lówó.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó wá kí mi, ó ní òun fẹ́ gbé mi jáde, ó ní Mummy ẹ ti ń fínná fún gbogbo ayé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì náà fínná fún yín lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn. Mo wọ aṣọ, mo wé gèlè, àwa mẹ́rin la lọ, èmi, òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ wọn obìnrin. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ibẹ̀ dáa lójú o, mi ò ní parọ́, AC ń fẹ́ yẹ́ẹ́, òdòdó rọ́bà wà lára ògiri tí àwọn ọmọge ń dúró síwájú ẹ̀ ya fọ́tò. A jókòó ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí ẹnikẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin tó wá yẹn ò sì kí wa. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kò kí wa o, èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ju mẹ́nù sórí tábìlì, ó ní kí lẹ fẹ́ jẹ, ojú ẹ̀ wà nínú fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Àwọn tó kù ní jollof àti ẹja àrọ̀ alátà, èmi ní àmàlà, torí mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rò ó níbẹ̀ (iṣẹ́ téèyàn ti ṣe rí kì í kúrò lójú ẹni). Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà kí oúnjẹ tó dé, mo wo aago. Àmàlà yẹn ti tutù, ó ti gan bí ọṣẹ, kókó wà nínú ẹ̀, ká ní ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ló ro irú ẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó jáde sí gbangba. Ẹja dé, ṣíbí ò dé. A bèèrè ṣíbí, ọmọbìnrin yẹn lọ, kò padà. Ọmọ kékeré tó wà pẹ̀lú wa ní Grandma ṣé ọwọ́ la máa fi jẹ jollof ni, mo ní fi ọwọ́ jẹ ẹ́ jàre, ọwọ́ ò nílò network.

Àmọ́ bíìlì ò pẹ́ rárá, ìyẹn yá. Oúnjẹ ₦68,000, VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦5,100, ìyẹn ti ìjọba, a gbà. Wọ́n wá kọ service charge sábẹ́ ẹ̀, ìdá 10, ₦6,800. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦79,900. Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ni wọ́n ń pè ní service charge, ó ní owó ìtọ́jú tí wọ́n tọ́jú wa ni. Ìtọ́jú wo? Èyí tí a fi ọwọ́ jẹ ìrẹsì? Ó ti fi káàdì sí POS kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ọmọbìnrin yẹn gba POS lọ́wọ́ ẹ̀ tán, kò lọ, ó dúró, ó wá rántí ẹ̀rín, ẹ̀rín tí a ti ń wá láti aago méjì, ó ní Ẹ̀gbọ́n ẹ ò ní fún wa ní nǹkan ni? Ó ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀ sẹ́yìn risíìtì. Láyé àtijọ́ ṣéńjì ni wọ́n fi ń mú èèyàn, wọ́n á ní kò sí ṣéńjì o, wọ́n á máa wo ojú ẹ títí wàá fi ní kí wọ́n máa gbé e lọ, àmọ́ látìgbà tí owó náírà ti wọ́n lọ́dún 2023 tí gbogbo wa di oní-transfer, tíìpù náà ti kúrò ní ṣéńjì ó ti di àkáǹtì nọ́ńbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ₦5,000 ránṣẹ́ níbẹ̀ níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí lo fún un lówó sí? Ó ní Mummy gbogbo èèyàn ń wò wá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi wá sọ̀rọ̀. Ẹ rí i? Kì í ṣe ọpẹ́ ló fi san án o, ojútì ló fi san án. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ pé nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó ń tà ló ń fún ẹni tó ń rà ní èènì? Nígbà tí mo ń ta oúnjẹ, bíríkìlà kan wà tó máa ń wá sọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, tí ó bá ti ra àmàlà rẹ̀ tán tó ní Ìyá ẹ fi sí i, màá fi ìpọnbẹ̀ gbẹ̀gìrì kan sí i, tí ọjà bá dáa lọ́jọ́ yẹn màá fi pọ́nmọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e. Èènì nìyẹn, òun ló ń mú kó padà wá lọ́la. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ra ata ní ọjà Bódìjà tó wá fún aláta ní owó lé owó ata rí? Wọ́n á ní orí ẹ ti dàrú ni. Ìwọ lo máa ní kó fi jàárà sí i, á bínú díẹ̀, á jágbe mọ́ ẹ díẹ̀, á fi mẹ́ta sí i. Àmọ́ tí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ kan náà wọ ilé tó ní AC, èènì á yí orí padà, oníbàárà ni yóò máa fún ọlọ́jà. Ta ló yí i padà, ìgbà wo la sì jókòó ìpàdé lórí ẹ̀?

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé Yorùbá náà ń fúnni ní owó kọ́là, pé a máa ń náwó. Òótọ́ ni. Bíríkìlà yẹn gan-an máa ń fi ṣéńjì sílẹ̀ fún ọmọ tó ń fọ abọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi, torí pé tí ọmọ yẹn bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán ló ti ń bu omi tútù dè é, kò ní kó bèèrè. Ẹ sì wo àwọn onílù òde àríyá. Onílù tó bá kì ẹ́ dáadáa, tó dárúkọ bàbá ẹ tó dárúkọ ìyá ẹ, tó fi gángan sọ oríkì tí ìwọ fúnra ẹ ti gbàgbé, orí ẹ á wú, wàá lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, wàá ná an débi tí wọ́n á fi máa fà ẹ́ láṣọ pé kó o jókòó. Onílù tó ń fi ọ̀pá lu awọ gbàgàgbàgà lásán ńkọ́, ta ló ń náwó fún un? Kò sì sẹ́ni tó ń pe ẹni tí kò náwó fún irú onílù yẹn ní ahun.

Arákùnrin yẹn ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Amẹ́ríkà nìyẹn, pé ibẹ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ fúnni ni. Ibí yìí ló ti mú mi bínú jù, torí mo mọ̀ nípa tibẹ̀ díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin wà ní Houston, ó ṣe wétà kó tó jáde ilé ìwé, mo sì lọ bá a tọ́jú ìkókó rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní Texas tó wà yẹn, owó tí ọ̀gá rẹsitọ́ráǹtì gbọ́dọ̀ san fún wétà ní wákàtí kan jẹ́ dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 13. Ẹ ò ṣì gbọ́. Owó yẹn ò tíì kúrò lójú kan láti 1991, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti di baba ọmọ. Owó iṣẹ́ tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ wọn fọwọ́ sí fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù jẹ́ dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 25 ní wákàtí kan, ìyẹn náà wà bẹ́ẹ̀ láti 2009, òfin wá ní tíìpù tí oníbàárà bá fún wétà ni kó fi dí àlàfo àárín méjèèjì, tí kò bá dí i kí ọ̀gá fi kún un. Ọmọ mi ní ẹni tó bá bèèrè àfikún yẹn lẹ́ẹ̀mejì, á ṣàdédé rí i pé wọn ò fún òun ní ọjọ́ iṣẹ́ tó dáa mọ́. Kì í ṣe gbogbo Amẹ́ríkà náà ló rí bẹ́ẹ̀ o, ní California wétà máa ń gba owó tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí pé pérépéré kí tíìpù tó dé.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù, ọmọ mi ní níbi tí òun ti ṣiṣẹ́, òun gbọ́dọ̀ yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo oúnjẹ tí òun bá tà, kí òun fi fún ẹni tó ń palẹ̀ abọ́ mọ́ àti ẹni tó ń po ọtí. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá jẹun dọ́là 120 tẹ́ ẹ wá dìde láì fi nǹkan kan sílẹ̀, á yọ dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 60 nínú èyí tí ẹlòmíì fún un láàárọ̀, á fi san án. Ó sanwó láti gbé oúnjẹ fún yín nìyẹn. Ó ní lọ́jọ́ kan kíṣìn jó ẹran tábìlì kan, àwọn ìyẹn bínú lọ, wọn ò fún un ní kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló dáná. Ó sunkún nínú ọkọ̀. Látìgbà tó ti sọ ìyẹn fún mi, tí mo bá wà lọ́hùn-ún, mo máa ń fi sílẹ̀ ni, ì báà burú. A jẹun dọ́là 86 lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá fún wa, ọmọ mi ní ìdá 20 lòun ì bá fi sílẹ̀, pé ká fi ìdá 15 sílẹ̀, ó fi nǹkan bíi dọ́là 13 sílẹ̀, ó sì lọ bá mánájà sọ̀rọ̀ lórí omi. Mo rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí owó iṣẹ́ èèyàn lèèyàn ń gbé yẹn, kì í ṣe owó kọ́là.

Òun ló tún sọ fún mi bí àṣà yẹn ṣe ta gbòǹgbò débẹ̀, ó ní lẹ́yìn tí oko ẹrú parí níbẹ̀ lọ́dún 1865, ilé iṣẹ́ Pullman tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin tí èrò máa ń sùn nínú ẹ̀ gba àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira láti máa tọ́jú èrò, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi tíìpù jẹun. Ó di 1925 kí A. Philip Randolph tó kó wọn jọ sínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó tún di 1937 kí Pullman tó fọwọ́ síwèé àdéhùn pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Nǹkan tí wọ́n fi rẹ́ àwọn èèyàn wa jẹ lọ́hùn-ún lẹnì kan ń kọ̀wé l'Ékòó pé òun ni ọ̀làjú.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti Ìlú Ọba. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní wọ́n máa ń kọ service charge ìdá 12.5 sí bíìlì tiwọn náà, àmọ́ tí wọn ò bá tọ́jú ẹ, o lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n á sì yọ ọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, òfin kan ti wà níbẹ̀ tó ní gbogbo owó yẹn, títí dé kọ́bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ló ni ín, ọ̀gá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Tiwa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìyí. A ti rìn díẹ̀ nínú ọkọ̀ kí n tó rántí pé mo ti gbàgbé awò ojú mi sórí tábìlì yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kùn títí àmọ́ ó yí ọkọ̀ padà. Mo wọlé, ọmọbìnrin yẹn ló bá mi tọ́jú ẹ̀, ó ti fi tíṣù nù ún. Ó kúnlẹ̀ báyìí o, ó ní Mummy ẹ má bínú sí mi. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́, mo ní ọmọ mi, kí ló dé tó ò fi kí wa? Ó ní àwọn mẹ́ta ló yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, méjì ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, òun nìkan ló ń ṣe tábìlì mọ́kànlá. Mo ní fóònù tó ò ń tẹ̀ ńkọ́? Ó ní kì í ṣe fóònù òun, ti ṣọ́ọ̀bù ni, òun ni wọ́n ní kó máa dá àwọn tó ń pàṣẹ oúnjẹ lórí WhatsApp lóhùn, kó tún máa pe àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ. Mo dákẹ́. Mo ní service charge tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa yìí, ẹ̀yin lẹ máa pín in? Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ò dùn. Ó ní Mummy a kì í rí i. ₦45,000 ni wọ́n ń san fún òun lóṣù, abọ́ tó bá sì fọ́, wọ́n á yọ owó ẹ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ rántí pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí láti oṣù keje 2024. Òfin yẹn sì yọ ibi tí òṣìṣẹ́ wọn ò bá tó 25 sílẹ̀, torí náà òfin yẹn ò mú ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ.

Ẹ wá wò ó. Èmi náà ti ṣe ọ̀gá rí, mo mọ ibi tí ẹ̀bi máa ń wà. Tí oúnjẹ bá pẹ́, tó bá tutù, tí èèyàn kan bá ń ṣiṣẹ́ èèyàn mẹ́ta, ọ̀gá lẹ̀bi, kò yẹ kéèyàn fìyà yẹn jẹ ọmọ tó gbé abọ́ wá, ọmọ yẹn ò sí ní kíṣìn. Àmọ́ kíkí ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kó ní Mummy ẹ ṣe sùúrù, èmi nìkan ló wà níbí lónìí, ì bá ti parí, mo ti ta oúnjẹ rí, màá dìde lọ wá ṣíbí fúnra mi. Torí náà mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà: ₦5,000 tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún un lójú gbogbo èèyàn yẹn, kò yẹ. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká pe mánájà kí káàdì tó kan POS, ká ní ẹ yọ ₦6,800 yìí kúrò, a ò rí ìtọ́jú kankan, tí wọ́n bá yarí ká bi wọ́n pé ta lẹ ń gbà á fún. Ká sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láì bú ẹnikẹ́ni. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wétà tó ń gba ₦45,000 la máa ń fajú ro sí, àwa náà á wá san owó ọ̀gá pé láì bèèrè, nítorí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú risíìtì, ohun tí wọ́n bá ti fi máṣíìnì tẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lójú wa.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín, àwọn tó ni ilé oúnjẹ ò ní ṣàì wà. Ẹ bá mi bi wọ́n: service charge yẹn, àpò ta ló ń lọ? Kí ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé sí yín kó dá mi lóhùn, kó sọ iye tó ń kan ọmọ tó ń gbé abọ́. Kí àjọ FCCPC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà náà bá wa yà wọ́n wò, kó jẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa lọ, kí wọ́n má sọ pé àwọn ń bọ̀ o.

Ẹ̀yin náà á fẹ́ mọ̀ bóyá mo fún ọmọbìnrin yẹn ní nǹkan nígbà tí mo padà lọ. Mo fún un ní ₦1,000, mo tú u ní ìdí ìró mi, mo ká a sí i lọ́wọ́. Mo ní èyí kì í ṣe ti oúnjẹ o, ti awò ojú mi tó o nù ni. Mo ṣàṣìṣe, mo lọ sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nínú ọkọ̀, ó fi mí rẹ́rìn-ín láti ibẹ̀ títí dé Ring Road, ó ní ẹni tó ní kí òun má fúnni ní tíìpù ti lọ fúnni ní tíìpù ní kọ̀rọ̀. Mo ní kó wo iwájú ẹ̀ kó máa wakọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá alámàlà tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.